Fọ́tò Ìgbéyàwó Abẹ́ Òrùlé: Ohun tí Ìmọ́lẹ̀ Yàn fún Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Bí ọba bá ń kọjá lóru, tí ẹnì kan sì jágbe mọ́ ọn pé, "Ìwọ ta nìyẹn?", kì í ṣe pé olúwarẹ̀ kò gba ẹ̀kọ́ ilé, ojú rẹ̀ ni kò ríran. Òwe yìí bá kámẹ́rà mu ju bí ó ti bá ojú ènìyàn mu lọ. Kámẹ́rà kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, kò sì mọ ìyàwó yàtọ̀ sí àlejò. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé nìkan ni ó mọ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni bí àìtó ìmọ́lẹ̀ abẹ́ òrùlé ṣe darí fọ́tò ìgbéyàwó láàrin wa fún ohun tí ó lé ní 160 ọdún. A ó rí i pé kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn wa nìkan ni ó yan èyí tí a ń rántí nínú àwọn ìgbéyàwó wa. Ìmọ́lẹ̀ bá wa yàn níbẹ̀.

Ẹ wo ògiri pálọ̀ àwọn àgbàlagbà wa, tàbí kí ẹ ṣí àpótí tí wọ́n ń kó fọ́tò sí. Bí fọ́tò ìgbéyàwó àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkọ àti ìyàwó dúró sí, nínú oòrùn, tí àwọn òbí àti àwọn ọmọ kéékèèké tò sí ọ̀tún àti òsì. Ìyàwó wọ aṣọ funfun, ọkọ wọ kóòtù, gbogbo wọn sì tẹjú mọ́ ọ̀kánkán. Bí ó bá jẹ́ pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nìkan ni àjèjì kan fi kọ́ ìtàn wa, yóò rò pé ìta gbangba ni Yorùbá ti ń gbéyàwó, pé ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe é, àti pé ẹni tí kò bá ní ṣọ́ọ̀ṣì kò ní ìyàwó. Àwa mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí fọ́tò fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Bí a bá tẹ̀lé àṣà ìbílẹ̀, alẹ́ ni wọ́n máa ń sin ìyàwó lọ sí ilé ọkọ. Lẹ́yìn tí ìdána bá ti kọjá, tí ọmọbìnrin náà sì ti sun ẹkún ìyàwó káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn òbí àti ẹbí rẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú ni wọn yóò bo orí rẹ̀, tí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì mú un lọ pẹ̀lú orin. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ ni wọn yóò ti fi omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ibẹ̀ ni òkodoro ìgbéyàwó wà. Ẹ wá wo ohun tí ó yí i ká: òru, ìbòrí, ẹnu ọ̀nà tóóró, àti iná fìtílà. Ọ̀tá kámẹ́rà àtijọ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí fọ́tò ti dé ilẹ̀ Yorùbá, kò sí bí onífọ́tò kan ṣe lè ya àkókò náà, bí wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀gbẹ̀rún pọ́ùn bẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní ìlú Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n so àwọn ọmọ Yorùbá méjì pọ̀ gẹ́gẹ́ bí lọ́kọláya. Ìyàwó ni Sarah Forbes Bonetta. Òkè-Ọdàn ni àwọn ọmọ ogun Dahomey ti kó o lẹ́rú ní ọdún 1848 nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ní 1850 ọba Gezo fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan lọ́rẹ, ìyẹn Frederick Forbes, Ọbabìnrin Victoria sì gba ìtọ́jú rẹ̀ rù. Ọkọ ni James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò pàtàkì ní Èkó, ẹni tí wọ́n bí ní Sierra Leone fún àwọn òbí Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ìgbéyàwó ńlá ni. Èrò pọ̀, ìwé ìròyìn sì sọ nípa rẹ̀.

Fọ́tò àwọn méjèèjì wà títí di òní ní National Portrait Gallery ní London. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ tí wọ́n yà á: ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1862 ni, ó ti lé ní oṣù kan lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ibi tí wọ́n ti yà á kì í ṣe Brighton, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Ilé ìyafọ́tò Camille Silvy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní Porchester Terrace ní London ni. Èyí fi bí nǹkan ṣe rí nígbà náà hàn. Fọ́tò kò lè lọ bá ìgbéyàwó nínú ilé, nítorí náà ìgbéyàwó ni ó wọ aṣọ rẹ̀ lọ bá fọ́tò. Ohun tí a ní lónìí nípa ọ̀kan nínú àwọn ìgbéyàwó Yorùbá tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í ṣe àwòrán ìgbéyàwó náà rárá, àwòrán àwọn tí ó ti ṣe ìgbéyàwó ni.

Kí ìdí rẹ̀ lè yé wa, ó yẹ kí a mọ bí kámẹ́rà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń pín ìmọ́lẹ̀ jẹ nínú fọ́tò. Èkíní ni lẹ́ǹsì, ìyẹn dígí ojú kámẹ́rà: bí ihò rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbà wọlé yóò ṣe pọ̀ tó. Èkejì ni iye àkókò tí ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà fi ṣí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bí ohun tí ó ń gba àwòrán, yálà àwo, fíìmù, tàbí ti ayé òde òní, ṣe tètè ń gbọ́ràn sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu. Bí ọ̀kan bá kù díẹ̀ káàtó, àwọn yòókù ni yóò gbé ẹrù rẹ̀. Nígbà tí Louis Daguerre fi iṣẹ́ rẹ̀ han ayé ní Paris ní 1839, lẹ́ǹsì kò fẹ̀, àwo kò sì tètè gbọ́ràn, nítorí náà ẹrù di ti àkókò: ìṣẹ́jú gbọọrọ ni ènìyàn fi ní láti dúró láìmira. Ní 1840, Joseph Petzval ṣe ìṣirò lẹ́ǹsì tuntun kan ní Vienna, èyí tí ihò rẹ̀ dé ìwọ̀n f/3.6. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé ju ìlọ́po mẹ́wàá ti àwọn ti ìṣáájú lọ. Láti ìgbà náà ni yíya àwòrán ènìyàn ti di òwò. Síbẹ̀, abẹ́ òrùlé onídígí ni wọ́n ti ń ṣe òwò náà, níbi tí ojú ọ̀run ti ń wo ẹni tí ó jókòó.

Ọlá kò lè ra ẹnikẹ́ni kúrò lọ́wọ́ òfin yìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1858, ọjọ́ tí àkọ́bí Ọbabìnrin Victoria ń ṣègbéyàwó, wọ́n ya àwòrán ìyá, bàbá àti ọmọ kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ọmọ hàn, ojú bàbá hàn. Ojú ọbabìnrin tí ó ni ilẹ̀ ni kò hàn kedere, nítorí pé ara rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí àwo ń gba ìmọ́lẹ̀. Ìyá ìyàwó ni í ṣe lọ́jọ́ náà, kò sì sí ìyá ìyàwó tí ara rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Nígbà tí iṣẹ́ fọ́tò fìdí múlẹ̀ ní Èkó, ìṣòro kan náà ni àwọn onífọ́tò bá pàdé. George S. A. Da Costa, tí ó ti jẹ́ alábòójútó ilé ìtàwé C.M.S., fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1895 ó sì di onífọ́tò. Neils Walwin Holm, ọmọ Accra, ṣí ilé ìyafọ́tò tirẹ̀ sí Èkó ní 1896. Ní ọdún 1896 kan náà ni ìjọba kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ iná mànàmáná sí Èkó. Iná yìí mọ́lẹ̀ fún ojú. Kò mọ́lẹ̀ tó fún kámẹ́rà. Oòrùn ni olówó onífọ́tò, òun ni ó sì ń sọ ibi tí wọn yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà kalẹ̀ sí.

Òfin tún wá kún un. Ní 1884, ìjọba amúnisìn ṣe Òfin Ìgbéyàwó fún Èkó, èyí tí ó fún ìyàwó kan ṣoṣo àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ogún tí àṣà kò fún wọn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Òfin Ìgbéyàwó tí Nàìjíríà ń lò lónìí, tí ó jẹ́ ìran irú òfin bẹ́ẹ̀, sọ pé bí wọ́n bá ń so ènìyàn pọ̀ ní ilé ìjọsìn, láàrin aago 8 òwúrọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni kí ó jẹ́, kí wọ́n sì ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán. Ẹlẹ́rìí ni òfin ń rò, kì í ṣe fọ́tò. Kò fẹ́ ìgbéyàwó kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ojúmọmọ, ìlẹ̀kùn ṣíṣí, àti àwọn ènìyàn tí ó dúró wò. Bí ẹ bá ní kí onífọ́tò ayé ìgbà náà fúnra rẹ̀ kọ òfin, bóyá ohun tí yóò kọ nìyẹn. Ìgbéyàwó onísọ́ọ̀ṣì bọ́ sí inú ìmọ́lẹ̀ nípa òfin. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ wà nínú òru nípa àṣà. Nígbà tí kámẹ́rà dé, èyí tí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ni ó mú.

Nítorí náà, kí a ṣọ́ra bí a bá ń ka ìtàn láti inú fọ́tò. Òótọ́ ni pé olówó àti ọ̀mọ̀wé ni ó kọ́kọ́ rí owó fọ́tò san, èyí sì jẹ́ ìdí kan tí ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì fi pọ̀ nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà tí a kì í sábà rántí: bàbá olóko tí ó tilẹ̀ ní owó kò lè ya ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní aago 9 alẹ́. Àìsí fọ́tò kì í ṣe àìsí ayẹyẹ. Ẹni tí ó bá wo àpótí fọ́tò tí ó sì sọ pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kò ní ẹ̀yẹ tó ti ṣọ́ọ̀ṣì láyé ìgbà náà, òkùnkùn ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìtàn.

Báwo ni kámẹ́rà ṣe wá wọlé? Iná ni ó mú un wọlé. Ní 1887, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke ní ilẹ̀ Jámánì po ìyẹ̀fun mágínísíọ̀mù mọ́ èròjà mìíràn tí ó ń mú un bú gbàmù. Bí wọ́n bá ti ṣáná sí i, yóò kọ mànà bí ìgbà tí Ṣàngó bá là á, èéfín funfun yóò sì gba gbogbo ilé. Ta ni yóò gba irú èyí láyè nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí àlùfáà ti ń súre? Ní 1929, àwọn ará Jámánì tún gbé gílóòbù jáde, èyí tí iná rẹ̀ ń jó nínú ìgò láìsí èéfín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gílóòbù kan ń ṣiṣẹ́, onífọ́tò yóò yọ ọ́ dànù, yóò fi òmíràn sí i. Ní 1931 ni Harold Edgerton, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga M.I.T. ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fíláàṣì tí ó ń lo iná mànàmáná, tí ó lè kọ léraléra. Irú rẹ̀ tí ó kéré, tí ó ń lo bátìrì, tí ènìyàn lè gbé kọ́ èjìká, ni ó wá gbilẹ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Ọ̀nà tí fíláàṣì gbà ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú kámẹ́rà yẹ ní mímọ̀, nítorí pé ó fi àmì sí ara fọ́tò tí ó wà nílé wa. Kámẹ́rà onílẹ́ǹsì méjì bíi Rolleiflex, tí ó jáde ní 1929, àti Yashica-Mat, tí ó jáde ní 1957, ni ọ̀pọ̀ onífọ́tò wa fẹ́ràn. Inú lẹ́ǹsì gan-an ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà, nítorí náà ó ń bá fíláàṣì rẹ́ bí ó ti wù kí ó yá tó. Ti kámẹ́rà kékeré yàtọ̀: aṣọ ni ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó ń fà kọjá níwájú fíìmù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí ó bá yá ju ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá lọ, fíláàṣì yóò kọ nígbà tí aṣọ náà ṣì bo apá kan, apá kan fọ́tò yóò sì dúdú. Bí ọkọ bá wà nínú ìmọ́lẹ̀ tí ìyàwó sì wà nínú òkùnkùn, kò sí ìyá ìyàwó tí yóò san owó fọ́tò bẹ́ẹ̀.

Iye fíìmù pẹ̀lú ń ṣe àkóso. Nínú kámẹ́rà onílẹ́ǹsì méjì, fọ́tò 12 péré ni fíìmù kan ń yà. Onífọ́tò tí ó mú fíìmù mẹ́ta wá sí ìgbéyàwó ní ojú 36 láti fi wo ohun tí ó ń lọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ó ní láti yàn ṣáájú: ìwọlé ìyàwó pẹ̀lú bàbá rẹ̀, òrùka, ìfọwọ́sí ìwé, ìjáde, àwọn ẹbí ọkọ, àwọn ẹbí ìyàwó, kéèkì. Bí ẹ bá wo fọ́tò ìgbéyàwó ilé mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé wọ́n jọra bí ọmọ ìyá. Kì í ṣe pé àwọn onífọ́tò kò ní ọgbọ́n tuntun. Ìgbà tí ohun èlò bá ṣọ̀wọ́n, ibi tí ó dájú ni ọlọ́gbọ́n ń na ọwọ́ sí.

Fíláàṣì mú kámẹ́rà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mú òfin tirẹ̀ dání. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ṣe ń lọ ni agbára rẹ̀ ń tán: ẹni tí ó wà ní mítà 4 ń gba ìdámẹ́rin ohun tí ẹni tí ó wà ní mítà 2 gbà, ẹni tí ó wà ní mítà 8 ń gba ìdá kan nínú 16. Ìdí nìyí tí fọ́tò gbọ̀ngàn fi máa ń ní àwọn ẹni iwájú tí ojú wọn ń dán, lẹ́yìn wọn àwọn tí a fura sí, lẹ́yìn ìyẹn òkùnkùn biribiri. Ta ni ó ń jókòó níwájú? Alága àpéjọ, àwọn òbí, àwọn olóyè, àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀ òkèèrè dé. Ta ni ó wà lẹ́yìn? Àwọn tí wọ́n ń se oúnjẹ, àwọn aládùúgbò, àwọn ìbátan tí wọ́n wọ ọkọ̀ láti abúlé. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n fíláàṣì mọ̀ ọ́n: ẹni tí ó bá sún mọ́ onífọ́tò ni. Bí ẹ bá rí fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé èrò kò pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Onífọ́tò tí ó mọṣẹ́ ń wá ọ̀nà àbùjá. Ó lè kọjú fíláàṣì sí àjà funfun kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè ta padà sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n àjà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ga ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè lọ kí ó sì bọ̀ lọ. Ó lè lo lẹ́ǹsì tí ó ń gba ibi púpọ̀ mọ́ra kí gbogbo ẹbí lè wọ inú fọ́tò nínú yàrá tóóró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ yóò fẹ̀ ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ó lè lo lẹ́ǹsì gígùn láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí ó má bàa dí àlùfáà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì gígùn a máa fi gbígbọ̀n ọwọ́ hàn, ìmọ́lẹ̀ tí ó sì ń gbà wọlé kì í sábà pọ̀. Gbogbo ọ̀nà ni ó ní iye tí a ó san.

Ìṣòro kan wà tí ó kàn wá ju bí ó ti kan àwọn ẹlòmíràn lọ. Aṣọ ìyàwó funfun lè da ìmọ́lẹ̀ padà ní ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí ara dúdú ń dá padà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó gbà pé ohun gbogbo kò funfun, kò dúdú, àárín ni ó wà. Bí onífọ́tò bá fi wọn aṣọ, ojú ìyàwó yóò dúdú bí ikòkò. Bí ó bá fi wọn ojú, òwú léèsì tí wọ́n fi owó iyebíye rà yóò di funfun kan lásán. Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ dé, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Káàdì tí àwọn ilé ìfọfọ́tò fi ń ṣe ìwọ̀n àwọ̀ ní Amẹ́ríkà àti káàkiri ayé ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní Shirley. Bí àwọ̀ Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti parí. Lorna Roth, olùwádìí kan ní Canada, ṣàlàyé ní 2009 pé nígbà tí Kodak tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún fíìmù rẹ̀ ṣe kí ó lè fi àwọ̀ dúdú hàn dáadáa, ẹ̀hónú àwọn tí ń polówó ṣokoléètì àti àga onígi wà lára ohun tí ó sún un ṣe é. Ẹ gbọ́ ná: igi àti ṣokoléètì ni ó bá wa ṣe alágbàwí. Nítorí náà, onífọ́tò ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tí ó ya ìyàwó rẹ́múrẹ́mú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ojú rẹ̀ hàn, tí léèsì rẹ̀ sì hàn, iṣẹ́ tí ó ṣe kọjá ohun tí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fíìmù kọ́ ọ.

Ọgbọ́n yìí kò hù láti inú afẹ́fẹ́. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978. Ó fi hàn pé àwọn onífọ́tò wa ní ìlànà tiwọn nípa àwòrán tí ó yẹ ọmọlúwàbí: kí ènìyàn jókòó tààrà, kí ojú rẹ̀ kọjú sí ẹni tí ń wò ó, kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, kí aṣọ rẹ̀ sì tẹ́ rẹrẹ. Ó tilẹ̀ ròyìn bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán ọ̀kan nínú ìbejì lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan nígbà tí èkejì bá ti kú, kí àwọn méjèèjì lè tún wà papọ̀. Ẹni tí ó lè ṣe èyí kì í ṣe ẹni tí ń tẹ bọ́tìnì lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni Abi Morocco Photos ní Èkó, ilé iṣẹ́ tọkọtaya kan, John Abe àti Funmilayo Abe, tí wọ́n ya àwọn ará Èkó nílé àti lóde láti ẹ̀wádún 1970 títí di 2006. Ọ̀pọ̀ irú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ báyìí ni wọ́n kọ́ ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń mú iná lọ láìrò tẹ́lẹ̀, tí ó jẹ́ pé bátìrì fíláàṣì wọn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ tí ó kù kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn.

Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà ti wọlé, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Fíláàṣì nílò ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí agbára rẹ̀ tó padà, nítorí náà ọkọ ní láti di òrùka mú ní ìdajì ìka ìyàwó títí onífọ́tò yóò fi ṣe tán. Wọn yóò gbé ọ̀bẹ lé kéèkì, wọn yóò sì dúró. Tọkọtaya tí ó ti fọwọ́ sí ìwé tán yóò tún tẹ̀ ba, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ ọ́. Ẹlẹ́rìí kẹta dé sáàrin àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí òfin béèrè, òun ni gbogbo ènìyàn sì ń dúró dè. Àwọn kan bú onífọ́tò nítorí èyí, wọ́n ní ó ba ìjọsìn jẹ́. Ó yẹ kí a rántí pé àwa ni a bẹ̀ ẹ́ wá, àwa ni a ó sì bínú bí òrùka kò bá hàn.

Lẹ́yìn ọdún 2000, kámẹ́rà tí kò lo fíìmù gba ayé. Nikon D3 tí ó jáde ní 2007 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí ó lè ya fọ́tò tí ó mọ́ kedere nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré tí fíìmù kò lè ṣe ohunkóhun pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, onífọ́tò lè dúró ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì láìtan fíláàṣì rárá. Ojú kámẹ́rà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran lóru ju ojú ènìyàn lọ. Ó wá ku ohun ìyanu kan: nígbà tí kámẹ́rà fi máa lè ya ìyàwó ní ẹnu ọ̀nà lóru, ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìyàwó kì í wọlé lóru mọ́. Ìdána àti ìsìnlọ ti kó wọ inú gbọ̀ngàn lọ́sàn-án, lábẹ́ àṣẹ alága ìjókòó àti alága ìdúró, níbi tí iná aláwọ̀ búlúù àti elésè àlùkò ti ń ta sí ojú ìyàwó, tí onífọ́tò sì tún ní láti wá ọgbọ́n tí yóò fi dá àwọ̀ ojú rẹ̀ padà fún un. Ohun tí kámẹ́rà ń lé láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti sí kúrò níbẹ̀ kí ó tó dé.

Nítorí náà, ohun tí a ní ni kí a tọ́jú. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò àtijọ́ ti kú, àwọn mìíràn ti pa ilé iṣẹ́ wọn dé, wọ́n sì ti da fíìmù tí wọ́n ti yà sí ààtàn tàbí kí wọ́n fi iná sun ún, nítorí pé kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Karl Ohiri àti Riikka Kassinen dá Lagos Studio Archives sílẹ̀ láti gba irú fíìmù bẹ́ẹ̀ là ní Èkó. Iṣẹ́ Abi Morocco wà lára ohun tí wọ́n gbà là, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní London ní 2024. Ó dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ ẹnu ààtàn ni a ti ń gba ìtàn wa sílẹ̀. Kí olúkúlùkù wa mú fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀, kí ó kọ orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀, ọjọ́, àti ibi tí wọ́n ti yà á sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó sì ṣe ohun kejì tí ó ṣòro jù: kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà tí ó kù pé, "Mọ̀mọ́, ta ni ó dúró sí ibi tí ó ṣókùnkùn yìí? Kí ni ẹ ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí onífọ́tò ti lọ?" Ìdáhùn rẹ̀ ni fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò lè yà. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí ẹnu ṣì wà láti sọ ọ́, òkùnkùn yóò tún bò ó, àwọn ọmọ wa yóò sì máa bi àwọn baba ńlá wọn léèrè nínú àpótí pé, "Ìwọ ta nìyẹn?"